Owó Ìpolongo Ìbò Ìjọba Ìbílẹ̀: Ìdáhùn sí Àwọn Ìbéèrè Yín láti Òṣogbo

Ṣáájú ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, OSSIEC, kéde fún ọjọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 2025, ìbéèrè lórí owó ìpolongo ni ó pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa láti Òṣogbo. Kò yà wá lẹ́nu. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, láti ìgbà náà ni àwọn tí kò wo ọ̀nà ipò alága àti kánsẹ́lọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń gbé ojú sókè síbẹ̀. Lẹ́tà méje ni a mú jáde nínú wọn, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò. Òfin Ìdìbò ti ọdún 2022, tó wà lórí àlééfà nígbà náà, ni a gbé ìdáhùn lé, bí a sì ṣe kọ ọ́ kí ìbò náà tó wáyé ni ó wà níbí. Níbikíbi tí a bá ti pe abala kan láìdárúkọ ìwé, òun ni a ní lọ́kàn.

*Télọ̀ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo sì fẹ́ díje fún ipò kánsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Mo gbọ́ lórí rédíò pé òfin fi gbèdéke sí owó tí olùdíje lè ná, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wa sọ pé ti àwọn ààrẹ àti gómìnà nìkan ni. Èló ni mo lè ná? Bí gbogbo owó tí mo ní kò bá sì ju 400,000 náírà lọ, kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ gbèdéke?*

Ọ̀rẹ́ yín ṣì í. Abala 88 bẹ̀rẹ̀ láti orí ààrẹ, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé orí kánsẹ́lọ̀. Ẹni tó ń díje fún ipò ààrẹ kò gbọdọ̀ ná ju bílíọ̀nù 5 náírà lọ, ti gómìnà jẹ́ bílíọ̀nù 1, ti sẹ́nétọ̀ mílíọ̀nù 100, ti ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá mílíọ̀nù 70, ti ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ mílíọ̀nù 30, ti alága mílíọ̀nù 30 bákan náà, ti kánsẹ́lọ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 5. Bí ẹ bá rántí òfin ti ọdún 2010 tó ṣáájú rẹ̀, mílíọ̀nù 1 péré ni ti kánsẹ́lọ̀ nígbà náà, ti alága sì jẹ́ mílíọ̀nù 10.

Ó ṣeé ṣe kí ohun tó ṣi ọ̀rẹ́ yín lọ́nà jẹ́ pé ìgbìmọ̀ àgbègbè, irú èyí tí ó wà ní Àbújá, ni abala náà dárúkọ nígbà tí ó dé orí alága àti kánsẹ́lọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni INEC, àjọ elétò ìdìbò orílẹ̀-èdè, fúnra rẹ̀ ti ń ṣe ìbò ìjọba ìbílẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀, àjọ tí abala 197 Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 dá sílẹ̀ ni ó ni iṣẹ́ náà, OSSIEC sì ni ti wa. Ṣùgbọ́n abala 150 Òfin Ìdìbò ti so okùn méjèèjì pọ̀: ìlànà tí a fi ń ṣe ìbò ìgbìmọ̀ àgbègbè Àbújá náà ni kí a fi ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀. Àwọn amòfin lè jókòó jiyàn bóyá "ìlànà" tí òfin sọ yìí kan iye owó pẹ̀lú, tàbí ètò ìdìbò nìkan ni ó ń sọ. Ní tiwa, a ò rí ìdí tí olùdíje yóò fi fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò fún ìjiyàn àwọn amòfin. Ẹni tí kò bá ná ju mílíọ̀nù 5 lọ kò ní ẹjọ́ kankan láti rò, ibi yòówù tí ìtumọ̀ bá fì sí. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì OSSIEC, ẹ gba ìwé ìlànà wọn, kí ẹ kà á pọ̀ mọ́ òfin náà.

Ẹ wá bi wá pé kí ló kan ẹni tó ní 400,000 náírà. Ó kàn án ju bí ó ṣe rò lọ, nítorí pé owó tó wà lápò yín kọ́ ni gbogbo owó tí ẹ ó ná. Bí ọ̀rẹ́ yín kan bá gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù kan láìgba kọ́bọ̀, bí ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ atẹ̀wé bá tẹ pósítà fún yín ní ọ̀fẹ́, bí ẹ̀yin fúnra yín bá rán aṣọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀ lé yín kiri, gbogbo rẹ̀ ni ó níye lórí, ẹ sì gbọdọ̀ lè sọ iye náà bí ẹnìkan bá béèrè. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ díye lé ohunkóhun tí wọ́n bá fún yín gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ṣe rà á lọ́jà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun mẹ́ta ni òfin ní kí a má kà mọ́ ọn. Èkínní ni owó tí olùdíje san gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe là á sílẹ̀ láti fi orúkọ rẹ̀ kalẹ̀. Èkejì ni owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe tàbí ẹrù tí wọ́n kó wá kí àjọ tó kéde ọjọ́ ìbò. Ẹ̀kẹta ni owó tí ẹgbẹ́ òṣèlú fúnra rẹ̀ ná lórí olùdíje. Èkejì dà bí àlàfo ńlá, ṣùgbọ́n kò tóbi tó bí ó ṣe rí lójú, torí pé abala 28 ní kí àjọ kéde ìbò ní 360 ọjọ́ ó kéré tán kí ọjọ́ ìbò tó pé. Gbogbo ọdún kan tó kángun sí ìbò ni gbèdéke náà ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe oṣù tí mọ́tò ìpolongo ń pariwo ní Ọláìyá nìkan.

Ẹ̀kẹta ni ó ń kọ wá lóminú. Olùdíje tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lówó lọ́wọ́ lè jẹ́ kí ẹgbẹ́ san owó bánà, owó rédíò, owó àgọ́ àti àga, owó ọkọ̀, kí òun fúnra rẹ̀ má sì ná tó ìdajì gbèdéke. Télọ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní ju yàrá kan àti tábìlì kan lọ ni gbèdéke yóò mú gan-an, nítorí pé láti àpò rẹ̀ ni ohun gbogbo yóò ti jáde. A ò sọ pé òfin kò dára o. Ohun tí a ń sọ ni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú pa, wọ́n sì fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ní ti ìjìyà, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọjá gbèdéke yóò san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbèdéke náà, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 12 lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ ṣírò rẹ̀: ti kánsẹ́lọ̀ jẹ́ 50,000 náírà, ti alága 300,000. Owó yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí olówó lè kà á mọ́ owó ìpolongo. Ẹ̀wọ̀n oṣù 12 ni kò ṣeé kà mọ́ nǹkan kan.

*Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà wa ní Olú-Òde fẹ́ dá owó jọ fún olùdíje alága kan tó ti ṣe dáadáa fún wa. Akọ̀wé wa ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ọmọ mi tó kàwé ní kí a ṣọ́ra. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?*

Ẹ gbọ́ ti ọmọ yín, ìyá wa. Abala 221 Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ẹgbẹ́ kankan tí kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọdọ̀ wá ìbò fún olùdíje, kò gbọdọ̀ dá owó sí àpò ẹgbẹ́ òṣèlú, kò sì gbọdọ̀ dá sí ìnáwó ìbò olùdíje kankan. Òfin yìí kò ya ẹgbẹ́ ọlọ́jà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹ́ awakọ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ akọrin tàbí ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde ilé ẹ̀kọ́. Bí ó ti wù kí ìfẹ́ tí ẹ ní sí ọkùnrin náà jẹ́ òtítọ́ tó, owó tó bá jáde láti inú àpótí ẹgbẹ́, tí akápò ẹgbẹ́ sì kọ sínú ìwé ẹgbẹ́, ti di owó ẹgbẹ́.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ni òfin kò dí lọ́wọ́. Bí ìyá kan bá yọ 5,000 náírà nínú èrè ata rẹ̀, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún olùdíje, tí wọ́n sì já rìsíìtì fún un ní orúkọ rẹ̀, ó bá òfin mu. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni kí ìyálọ́jà gba owó lọ́wọ́ ènìyàn ogójì, kí ó kó o lọ ní àpapọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ẹgbẹ́ ọlọ́jà Olú-Òde" ni ó mú un wá. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ kí ẹnì kan bá yín gbé owó lọ, ẹ fi ìwé tí orúkọ oníkálùkù àti iye tó san wà nínú rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí olùdíje lè kọ ogójì orúkọ sílẹ̀ dípò ẹyọ kan. Ẹ má sì fi tipátipá gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́, bí àwọn ẹgbẹ́ ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú owó aṣọ ọdún.

*Mo ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ṣé mo lè fún olùdíje ní owó láti àkáǹtì iléeṣẹ́ mi? Mo rí i pé Òfin Ìdìbò gba "ẹnikẹ́ni tàbí àjọ mìíràn" láyè.*

Ẹ ka Òfin Ìdìbò dáadáa, ṣùgbọ́n òfin mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Abala 43 nínú òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020, èyí tí a mọ̀ sí CAMA, kọ̀ fún iléeṣẹ́ láti fún ẹgbẹ́ òṣèlú lówó tàbí láti ná owó sí ọ̀rọ̀ òṣèlú kankan. Bí iléeṣẹ́ bá ṣe é, àwọn ọ̀gá tó lọ́wọ́ sí i ni yóò dá owó náà padà, wọn yóò sì tún san iye kan náà gẹ́gẹ́ bí ìtanràn. Bí ó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán ni ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, ọ̀ràn tiyín yàtọ̀, torí pé ẹ̀yin àti òwò yín kò yàtọ̀ síra lójú òfin. Bí ó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ parí sí "Limited", ẹ gba owó oṣù yín tàbí èrè yín jáde sí àkáǹtì ara yín ná, kí ẹ tó fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

*Bàbá ìsàlẹ̀ kan ní ìlú wa ti sọ fún olùdíje alága tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí ó má ṣe ìyọnu, òun nìkan ni yóò gbé gbogbo ìnáwó náà. Inú àwọn kan ń dùn. Èmi ń bẹ̀rù. Ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀?*

Òfin gbà á, ìyẹn gan-an ni ó sì yẹ kó dẹ́rù bà yín.

Abala 88 ní ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ta olùdíje lọ́rẹ ju mílíọ̀nù 50 náírà lọ. Ẹ gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ mílíọ̀nù 30 tí ó jẹ́ gbèdéke alága. Owó tí òfin gbà kí ẹnì kan fún olùdíje fi mílíọ̀nù 20 ju gbogbo owó tí olùdíje náà lè ná lọ. Nígbà tí òfin ọdún 2010 ṣì wà lórí àlééfà, mílíọ̀nù 1 ni ẹnì kan lè fi ta olùdíje lọ́rẹ, gbèdéke alága sì jẹ́ mílíọ̀nù 10. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ná owó olówó dé góńgó nígbà náà gbọ́dọ̀ wá ènìyàn mẹ́wàá ó kéré tán tí yóò gbà á gbọ́. Lábẹ́ òfin ọdún 2022, ẹnì kan tó. Àwọn tó ṣe òfin náà gbé owó ìtọrẹ sókè ní ìlọ́po 50, wọ́n sì gbé gbèdéke alága sókè ní ìlọ́po mẹ́ta, bí ẹni pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Àbújá nìkan ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Kò sí abala kan tó ní kí bàbá ìsàlẹ̀ má bèèrè nǹkan padà. Alága tó dé orí àga lórí owó ẹnì kan mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì mọ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ ọ̀nà àti iṣẹ́ gọ́tà. Bí ẹ bá lágbára lórí olùdíje yín, ẹ bá a sọ ọ́ pé kí ó fi gbèdéke tirẹ̀ sí i, bóyá kí ó má gba ju ìdá mẹ́wàá ìnáwó rẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ó sì kéde rẹ̀ ní gbangba kí owó tó dé. Ẹni tó bá ti gba owó tán kò ní ohùn láti fi sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun kan tún wà tí bàbá náà fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Ẹni tó bá fún olùdíje ju mílíọ̀nù 50 lọ yóò san 500,000 náírà tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 9, tàbí méjèèjì. Ìtanràn ẹni tó fúnni, nígbà náà, jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti kánsẹ́lọ̀ tó ná an ní ìnákúnàá. Bí ó bá sì jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó fẹ́ fún, abala 90 kọ̀ fún ẹgbẹ́ láti gba owó tí a kò mọ ẹni tó ni ín, ó sì ní kí wọ́n máa kọ ọrẹ tó bá ju mílíọ̀nù 1 lọ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ ẹni tó mú un wá. "Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ ni" kò sí nínú ohun tí òfin gbà.

*Ní àdúgbò wa ní Òkè Baálẹ̀, olùdíje kan pín ìrẹsì, ó sì bá wa tún kànga tó ti bàjẹ́ ṣe. Ọkọ mi ní ìpolongo ni, èmi ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. A ti jiyàn náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá wa dá a.*

Ìyá wa, kò sí ẹni tó jẹ̀bi pátápátá nínú ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín sún mọ́ òfin ju ti bàbá lọ.

Abala 121 kò béèrè bóyá ìrẹsì ni tàbí owó. Ohun tó ń béèrè ni ìdí tí a fi fún ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fúnni ní ẹ̀bùn, tó yáni lówó, tó ṣe ìlérí, tàbí tó rán ẹlòmíràn láti ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó lè rí ìbò gbà, ti ṣẹ̀ sí òfin. Ìjìyà rẹ̀ jẹ́ 500,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Òfin kò sì fi òǹdìbò sílẹ̀: ẹni tó gbà á, ì báà jẹ́ pé ó gbà á ṣáájú ìbò tàbí lọ́jọ́ ìbò, jẹ̀bi bí ẹni tó fún un. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní "dìbò kí o sebẹ̀", tí a sì ń fi rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn, ẹni méjì ni ó ń ti inú rẹ̀ wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹni tó se ọbẹ̀ àti ẹni tó lá a.

Òfin náà ya ìnáwó tó tọ́ sọ́tọ̀. Owó tí a bá fi òtítọ́ inú ná sí iṣẹ́ ìbò, bí owó ọkọ̀ àwọn tó ń bá olùdíje káàkiri, oúnjẹ àwọn aṣojú ẹgbẹ́ tí yóò jókòó sí ibùdó ìdìbò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, owó atẹ̀wé àti owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí olùdíje bá se ìrẹsì fún gbogbo ẹni tó wá síbi ìpàdé ìpolongo, a lè rò ó gẹ́gẹ́ bí àlejò ṣíṣe, Yorùbá kì í sì í pe èèyàn jọ láìfún un ní omi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gbé ìrẹsì àpò kéékèèké láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń wo káàdì ìdìbò kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀, tàbí tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà fóònù àti ibùdó ìdìbò sínú ìwé, ẹ ò nílò adájọ́ láti sọ orúkọ rẹ̀ fún yín. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe gbé ìrẹsì náà dé ilé yín; ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Ti kànga ṣòro díẹ̀. Ẹni tó ti ń tún kànga ṣe láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tó wá ń díje nísinsìnyí, yàtọ̀ sí ẹni tó rántí kànga nígbà tí ó gba fọ́ọ̀mù. Ti ẹni èkejì yìí, bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ìnáwó ìpolongo ni, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣírò rẹ̀. Ẹ mu omi yín. Omi kò ní káàdì ìdìbò.

Bí a ti mẹ́nu ba ohun tí wọ́n fi ń fa ojú èèyàn mọ́ra, abala 92 kò gba kí ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje lo egúngún fún ìpolongo. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gba kí a ṣe ìpolongo ní ilé ìjọsìn, àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì ìjọba. Ní ìlú bíi Òṣogbo tí ọdún àti àríyá kì í ti í wọ́n, ó yẹ kí àwọn àgbà agbo mọ èyí, nítorí olùdíje tó bá sanwó fún eégún láti jó tẹ̀ lé mọ́tò rẹ̀ ń náwó tí òfin kò gbà ní iyekíye.

*Ọmọ mi wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ òṣèlú wa kí wọ́n lè fi ràn mí lọ́wọ́ nínú ìdíje mi. Ṣé kò sí wàhálà?*

Wàhálà wà. Abala 225 Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè kọ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú láti ní owó lókè òkun tàbí láti tọ́jú owó tó ti òkè òkun wá. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wọlé, kí wọ́n kó o fún INEC láàárín ọjọ́ 21, pẹ̀lú àlàyé tí àjọ náà bá béèrè. Abala 85 Òfin Ìdìbò sì fi ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 5 náírà lé e, wọn yóò sì gbẹ́sẹ̀ lé owó náà. Ẹ ní kí ọmọ yín máa fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí yín gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sílẹ̀.

*Èmi ni mò ń bá olùdíje kan ṣe ìwé owó rẹ̀, akáǹtáǹtì ni mí. Wọ́n ti ń sọ fún mi pé tí ìbò bá parí, a ó "tún ìwé kọ" kí gbogbo rẹ̀ lè bọ́ sábẹ́ gbèdéke. Olùdíje ní òun ni yóò jìyà tí wọ́n bá mú wa. Lọ́nà kejì, ìyá mi tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìntì fẹ́ mọ ibi tí ará ìlú ti lè rí ìṣírò owó wọ̀nyí.*

Olùdíje yín kò sọ òtítọ́ fún yín, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Olùdíje tó kọjá gbèdéke wà nínú ewu ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 12 lọ. Akáǹtáǹtì tó bá ayédèrú ìwé ṣe, tó gbìmọ̀ pọ̀ láti yí ìwé ìnáwó tàbí ìwé ọrẹ padà, tàbí tó ran olùdíje lọ́wọ́ láti rú òfin náà, ọdún 10 ni abala 88 fún un. Kò sí owó ìtanràn tí a lè fi rà á padà. A ti ka abala náà lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó kọ èyí, nítorí pé ó jọ bí ẹni tí wọ́n ní kí akọ̀wé sanwó ohun tí ọ̀gá jẹ. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó wà, a sì fura pé àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé láìsí ẹni tó mọ ìwé ṣe, ìṣírò èké kì í dúró.

Ohun tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ má jẹ́ kí ìwé náà dé ibi tí a ó ti tún un kọ. Ẹ jẹ́ kí olùdíje ṣí àkáǹtì kan sọ́tọ̀ fún ìpolongo, kí kọ́bọ̀ má ṣe gba ibòmíràn wọlé tàbí jáde. Ẹ ra ìwé gígùn tí ojú ewé rẹ̀ ní nọ́ńbà, irú èyí tí a kò lè fa ewé rẹ̀ ya láìjẹ́ pé ó hàn. Ẹ máa kọ ọjọ́, orúkọ, iye àti ìdí, kí ẹ sì lẹ rìsíìtì mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n bá fúnni láìgba owó, ẹ kọ iye rẹ̀ sí ọ̀nà méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ọrẹ tó wọlé àti ìnáwó tó jáde. Ẹ kíyè sí "owó ìrìnnà" àti "oríṣiríṣi", nítorí pé abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ méjì yìí ni wọ́n máa ń kó ohun tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí pamọ́ sí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, ẹ ṣe àròpọ̀, kí ẹ fi han olùdíje, kí ó fọwọ́ sí i. Bí ó bá wá ku díẹ̀ kí ó kan gbèdéke, ẹ sọ fún un ní ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín sílé. Bí wọ́n bá tún ní kí ẹ yí i padà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé kálámù kalẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Ní ti ìyá yín, ìbéèrè wọn ló kan kókó. Nínú Òfin Ìdìbò fúnra rẹ̀, olùdíje ni gbèdéke wà fún, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú ni abala 89 àti 90 ní kí ó wá jíhìn. Láàárín oṣù 3 tí èsì bá ti jáde, ẹgbẹ́ tó fa olùdíje kalẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn ọrẹ tí àwọn ènìyàn mú wá. Láàárín oṣù 6 lẹ́yìn ìbò, ó gbọ́dọ̀ mú ìṣírò ìnáwó rẹ̀ tí ayẹ̀wé-owó-wò ti yẹ̀ wò wá, kí alága ẹgbẹ́ sì búra lé e lórí. Ẹgbẹ́ tó bá kùnà yóò san mílíọ̀nù 1 náírà, ìtanràn tó lè tó 200,000 lójúmọ́ sì tún wà fún ìwé tí kò pé tàbí tí kò tọ́. Òfin ní kí ìṣírò náà ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú láti yẹ̀ wò.

Èyí túmọ̀ sí pé ìyá yín ní ẹ̀tọ́ láti lọ béèrè. Bí ìbò bá wáyé ní ọjọ́ 22, oṣù Kejì bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀, oṣù 6 yóò pé ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025. Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí OSSIEC ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n dárúkọ ẹgbẹ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rí ìṣírò rẹ̀, Òṣogbo tàbí Ọlọ́rundá, kí wọ́n sì tọ́ka sí abala 89 àti 150. Kí wọ́n tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi fi òǹtẹ̀ lu èyí tí wọn yóò gbé padà sílé.